Itọ́ Tó Dára fún Òwú

Ọkùnrin kan wà ní Ṣakí tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Awò ojú rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá ti tẹrí ba sídìí iṣẹ́, awò á yọ̀ lórí imú tó ń làágùn, á já sórí aṣọ aláṣọ.

Ní ọdún kan, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fẹ́ jẹ Baálẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí bàbá náà ti kọ́, òun ló ní kó wá ṣe ọnà agbádá ìwúyè. Inú ọkùnrin yìí dùn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ alẹ́. Ó ní awò kankan kò ní já sórí aṣọ yìí. Ló bá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, obìnrin kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, ó gba lẹ́ǹsì, ìyẹn awò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi lé ẹyinjú gan-an. Dókítà kìlọ̀ pé kó máa fi ọṣẹ fọwọ́, kó sì nu ún gbẹ kó tó fọwọ́ kàn án. Omi lásán kò gbọdọ̀ kàn án, oògùn tó bá a wá ni kó máa fi fọ̀ ọ́. Kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ sùn.

Ó pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ìwúyè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó ń ta á, ó ń ṣomi, kò sì lè wo ìmọ́lẹ̀. Ọnà ọrùn kò tíì dé ìdajì. Ẹ̀rù bà á gan-an, nítorí oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí kò ríran, kí ni yóò máa jẹ? Ó ní àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ló ń ṣe ìlara òun.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, ọ̀tá kọ́ ló ń bá yín wọ lẹ́ǹsì. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Dókítà ní kó ṣe bó ṣe ń wọ̀ ọ́ fún òun wò. Ó fọwọ́, ó nu ún gbẹ, dókítà ń mi orí pé ó dára. Ó mú lẹ́ǹsì ojú òsì, èyí tí kò dùn ún, ṣùgbọ́n kó tó gbé e dé ojú, ó ti fi ahọ́n lá a. Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

Kò purọ́. Ogún ọdún ló ti ń lá òwú kó tó fi bọ abẹ́rẹ́. Ohun tó bá ti tín-ín-rín lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ló ń kọ́kọ́ gbà. Dókítà tí kì í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé kòkòrò inú itọ́ tí kò ṣe ẹnu ní nǹkan kan ti ń dá egbò sí ẹyinjú, àti pé bí ó bá pẹ́ sí i, ojú náà lè fọ́.

Wọ́n da lẹ́ǹsì nù, wọ́n ń kán oògùn sí i lójú, ó padà sí awò àtijọ́. Ìyàwó rẹ̀ mú òwú tó ṣẹ́kù lára agbádá, ó fi so apá awò méjèèjì mọ́ ọn lẹ́yìn orí. Awò kò já mọ́. Ojú san, ọnà parí. Lọ́jọ́ ìwúyè, Baálẹ̀ tuntun bi í léèrè okùn orí rẹ̀, ó sì ròyìn.

Bàbá ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o máa lá òwú. N kò ní kí o lá ojú."

Oyèníran, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọ̀gá ni ọ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Bí o kò bá pariwo níbẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ṣùgbọ́n ohùn yẹn kan náà lo fi ń béèrè omi lọ́wọ́ ìyàwó rẹ. Kò fẹjọ́ rẹ sùn mí o, ilé mẹ́ta ló wà láàárín wa, mo sì ń gbọ́. Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí o fọ eruku òkúta kúrò lọ́wọ́, fọ̀ ọ́ kúrò lóhùn pẹ̀lú kí o tó pè é.