Ẹjọ́ Àáké ní Ìlú Ààbò

Àwọn ìyá tó tọ́ wa kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní Ísírẹ́lì àtijọ́, Elíásáfù ni olórí ìlú ààbò kan, níbi tí ẹni tó bá ṣèèṣì pànìyàn máa ń sá sí, kí ẹbí òkú má baà gbẹ̀san lára rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan sáré dé ẹnubodè, ó di igi àáké lásán mú. Sákúrì, ọmọ Elíásáfù, ń lé e bọ̀ pẹ̀lú idà lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ọn! Ó ti pa Hélékì!"

Hélékì ni àkọ́bí Elíásáfù.

"Àbí ẹni tó pọmọ yín lẹ fẹ́ ṣe lálejò?" ni àwọn aráàlú ń pariwo.

"Mo ti gbọ́ tìrẹ, Sákúrì," ni bàbá wí. "N kò tíì gbọ́ tirẹ̀." Ó fa ọkùnrin náà wọlé, ó sì fi àyà ara rẹ̀ dínà idà ọmọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, a jọ ń gégi ni. Hélékì fúnra rẹ̀ ló yá mi ní àáké. Bí mo ṣe gbé e sókè ni irin yọ, ó sì bà á lórí."

Elíásáfù gba igi náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mọ̀ ọ́n. Òun ló gbẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó gbàgbé láti fi igi há irin rẹ̀ kó lè dúró.

"Fi idà sílẹ̀, ọmọ mi." Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú. "Bí o bá ń wá ọwọ́ tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ, òun nìyí."