Ìkìlọ̀ tí Kò Ráyè Dúró sí

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ iṣẹ́ áàpù í ṣe. Èyí tí àwọn èèyàn fi ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, èyí tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀, irú wọn ló ń ṣe jẹun ní ìlú ńlá, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Abúlé kan létí odò ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ń gbin ẹ̀fọ́ sí akùrọ̀.

Lókè odò yìí, dáàmù kan wà. Bí omi bá kún inú rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ á ṣílẹ̀kùn fún omi, kò sì sí ẹni tí ń kéde fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òjò lè má rọ̀ lábúlé rárá. Òòrùn á máa ràn, omi á sì dé. Ó ti gbé ewúrẹ́ lọ, ó ti gbé ilé lọ, lọ́dún kan ó gbé ìyàwó tuntun lọ nídìí aṣọ tó ń fọ̀. Nígbà tó yá, àwọn àgbààgbà abúlé tọ ọmọ wọn lọ ní ìlú ńlá. Wọ́n ní, "Ọmọ wa, ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ fóònù. Bá wa ṣe ohun tí yóò máa ké sí wa kí omi tó dé." Inú rẹ̀ dùn. Ó lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà láti máa ta á lólobó kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Obìnrin kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀gá. Ọ̀kan ni áàpù tí èèyàn máa gbé wọ inú fóònù, tí yóò gba àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ìkejì ni èyí tó ń gbé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn á kàn tẹ àdírẹ́sì rẹ̀, á ṣí. Fóònù kékeré lè gbé e, òun náà sì lè fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́. Èyí tó fúyẹ́ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe."

Ọkùnrin náà kò gbà. Ó ní èyí tó bá wà nínú fóònù gan-an ló lè ké bí agogo, kódà bí wọ́n bá ti pa ohùn fóònù. Òótọ́ ni, ìdí gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ohun tí kò bá sí lọ́jà áàpù, níbi tí orúkọ ẹni tó ṣe é ti ń hàn gbangba, ta ni yóò pè é níṣẹ́? Ó fẹ́ kí wọ́n mọ òun. Ta ni kò fẹ́?

Obìnrin náà ní, "Ẹ ti wo fóònù wọn? A kì í fárí lẹ́yìn olórí."

Ó ní, "Abúlé mi ni. Mo mọ̀ wọ́n."

Ó ṣe áàpù náà, ó sì ṣe é dáadáa. Ó fi àwòrán odò sí i, ó fi oríṣiríṣi ohùn sí i. Lọ́jọ́ tó gbé e wá, baálẹ̀ dán an wò, ó ké, àwọn ọmọdé sá, àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú fóònù ìyá rẹ̀. Fóònù náà ń lọ́ tìkọ̀ kí ó tó gbà á. Ó rí i, kò ka èyí sí. Ìyá súre fún un títí. Ó padà sí ìlú ńlá, kò sì wá mọ́ lọ́dún yẹn, nítorí iṣẹ́ pọ̀.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ibi tó kàn yìí kò tíì rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ. Wọ́n ṣílẹ̀kùn dáàmù lọ́sàn-án gangan. Fóònù baálẹ̀ ké. Fóònù olùkọ́ ilé ìwé ké. Àwọn tó gbọ́ kó ọmọ wọn gun òkè, wọ́n ń pariwo pe àwọn tó wà nítòsí, ṣùgbọ́n ariwo wọn kò dé akùrọ̀. Ìyá wà níbẹ̀. Ó so báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi, fóònù wà nínú rẹ̀. Omi bá a níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń já ẹ̀fọ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i. Igi náà kò wó, báàgì náà kò tilẹ̀ tutù.

Wọ́n sin ín. Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó fẹ́ mọ ìdí tí áàpù òun kò fi ké, ó sì ní kí àbúrò òun obìnrin gbé fóònù ìyá wá. Ó wá áàpù náà nínú rẹ̀ títí, kò rí i.

Ó ní, "Ta ló yọ ọ́?"

Àbúrò rẹ̀ ní, "Èmi ni, bùrọ̀dá mi. Màámi ló ní kí n yọ ọ́. Fídíò àwọn ọmọ yín kò wọlé mọ́, fóònù ní kò sí àyè. Mo ní ká pa díẹ̀ rẹ́ nínú àwọn tó ti pẹ́, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ẹ̀yin kì í wá, pé ibẹ̀ nìkan làwọn ti ń rí ọmọ-ọmọ àwọn. Wọ́n ní ẹ̀yin Àkànmú ọmọ àwọn ò ní bínú."

Ó ṣí ibi tí fídíò wà. Gbogbo ohun tó ti ń fi ránṣẹ́ dípò kí ó wá ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kò sọnù. Èyí tó fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí omi dé wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ń kọ́ ìrìn. Ìyá ti wò ó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé ìyẹn wá ì bá gbé ìkìlọ̀ wá. Ó pe obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó bi í pé báwo ni èyí tó fúyẹ́ ì bá ti tóbi tó. Obìnrin náà kò fẹ́ dáhùn. Nígbà tó fi dandan lé e, ó ní, "Kò tó fọ́tò kan, ọ̀gá."

Ó ṣe èyí tó fúyẹ́ náà lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo abúlé sì ń lò ó. Ní tirẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìwọ tí o fẹ́ ṣe áàpù, tí o wá bi mí pé èwo ni kí o yàn nínú méjèèjì, mi ò ní sọ pé ọ̀kan dára, ìkejì burú. Èyí tó wúwo ló gba baálẹ̀ là. Ṣùgbọ́n kí o tó yàn, lọ jókòó ti ẹni tí o ní o fẹ́ ràn lọ́wọ́, wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, kí o bi í pé kí ni yóò yọ kúrò kí tìrẹ tó ráyè. Má retí pé yóò yọ ohun tó fẹ́ràn. Tìrẹ ni yóò yọ, kò sì ní sọ fún ọ, nítorí kò fẹ́ kí inú rẹ bàjẹ́.