Ìkòkò Bìríyánì Alhaji Rasheed

Láníhùn dé ilé oúnjẹ Alhaji Rasheed, Mùsùlùmí ará Íńdíà. Ìkòkò bìríyánì, ìrẹsì ẹlẹ́ran ilẹ̀ Íńdíà, wà lórí iná, wọ́n fi ìyẹ̀fun pípò lẹ ọmọrí rẹ̀ pa kí ooru má baà jáde.

"Alhaji, ilé oúnjẹ méjì ni mo ti jẹ ẹ́, kò dùn bíi ti ìyàwó mi tó kú. Ẹ ṣí tiyín jàre, ebi ń pa mí."

"Bàbá, kò tíì jinná. Ṣé báyìí lẹ ṣe kán àwọn yẹn náà lójú?"

Bẹ́ẹ̀ ni Láníhùn ṣe lóòótọ́. Ó rántí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ìkòkò: "Bàbá Morádékẹ́, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó jókòó. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìtasánsán ilé rẹ̀ àtijọ́ gba ibẹ̀ kan. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò fẹ́ kó tán.