Ọ̀pá Tí Wọ́n Fi Wọn Alààyè

Kùrukùru odò ṣì bo abúlé nígbà tí nọ́ọ̀sì Ìbídùn na ọ̀pá rẹ̀ ró sábẹ́ igi. Bí èèyàn bá ṣe ga tó lára ọ̀pá náà ni yóò ṣe fún un lóògùn, kí kòkòrò tó wà lára eṣinṣin odò má baà fọ́ ọ lójú.

Ó ṣàlàyé títí. Ohùn rẹ̀ ń lọ lórí omi bí orin, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ni àwọn èèyàn ń fẹ̀yìn rìn wọnú kùrukùru, àfi bí ẹni pé ojú àlá ló wà. Ìyá Lápàdé nìkan ló kù, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì.

“Ìyá, kí ni kò yé yín nínú ọ̀rọ̀ mi?”

“Gbogbo ẹ̀ ló yé wa, ọmọ mi. Àmọ́ níbí, òkú nìkan là ń wọ̀n, kí káfíńtà tó kan pósí. Ṣé wọ́n ti wọn ìwọ náà rí? Ẹni tó bá ní òun á dáni láṣọ, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.”

Eṣinṣin odò kan gé Ìbídùn jẹ lọ́rùn.

Ó bọ́ bàtà, ó tú gèlè, ó fẹ̀yìn ti ọ̀pá. Ìyá Lápàdé fọwọ́ wá àtàrí rẹ̀ títí ó fi kan ibi tó ga dé. Ìbídùn gbé oògùn tirẹ̀ mì.

Ẹsẹ̀ àwọn tó ti lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bọ̀ nínú kùrukùru. Ìyá Lápàdé ti ṣáájú wọn fẹ̀yìn ti ọ̀pá.

“Wọ̀n mí dáadáa o,” ó ní. “Mi ò tíì ń lọ.”