Bí Ọ̀pọ̀lọ́ Ṣe Dí Imú Òkè

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko kankan kò tíì mọ bí a ti ń gbé omi kaná, awọ ara Ọ̀pọ̀lọ́ ń dán. Ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin fi ń yọ̀ ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Òkè ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú wọn, omi gbígbóná ló kún inú rẹ̀. Akàn, tó mọ iṣẹ́ omi, ti so ọ̀pá oparun mọ́ra wọn láti ìdí òkè náà títí dé àgbàlá gbogbo ilé. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ yóò kàn gbé igbá sẹ́nu ọ̀pá ni, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á máa dà.

Akàn lu ihò kékeré kan sára ọ̀pá àkọ́kọ́ nídìí òkè. Ooru funfun ń ti ibẹ̀ jáde tọ̀sán-tòru. Imú òkè ni wọ́n ń pe ihò náà. Bí àwọn ará ìlú bá ń kọjá níbẹ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀ sókè, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n.

Ní ti Ọ̀pọ̀lọ́, igbá ló ń tún ṣe. Bí igbá bá fọ́, yóò fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gán an, yóò fi oje igi lẹ ojú rẹ̀, kò sì ní jò mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn. Òtútù mú ọmọ náà débi pé kò lè ké dáadáa. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi tútù kò gbọdọ̀ kan ara ọlọ́mọ tuntun àti ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ gbé igbá sẹ́nu ọ̀pá, àmọ́ omi tó ń jáde kò ju itọ́ lọ.

Àwẹ̀ró ní kó ránṣẹ́ pe Akàn. Wọ́n ní Akàn ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kejì, pé ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Ọ̀pọ̀lọ́ wo ọmọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó ní kí ló wà lára oparun tí kò sí lára igbá, ṣebí ohun tó bá ń jò ni à ń dí. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Ó kó okùn àti oje igi, ó gba ìdí òkè lọ.

Ó rí imú òkè tó ń mí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ibi tí omi ọmọ mi ń gbà lọ rèé."

Ó fi igi dí ihò náà, ó gán an mọ́lẹ̀, ó fi oje lẹ̀ ẹ́ yíká. Iṣẹ́ náà dára, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òkè náà sì dákẹ́. Kò tíì dákẹ́ rí látìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó.

Nígbà tó fi máa délé, omi ti ń dà yàà. Àwẹ̀ró kí i títí, ó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí omi fi gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pá ń gbọ̀n, ilẹ̀ pàápàá ń gbọ̀n. Gbogbo ìlú gbójú sókè, wọ́n rí i pé òkè ń wú, bí ẹni tó sé èémí sínú.

Àsìkò náà ni Akàn wọ̀lú, ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀. Kò rí ooru nímú òkè. Ó béèrè ẹni tó dí imú òkè, Ọ̀pọ̀lọ́ sì dáhùn pé, "Èmi ni, Bàbá."

Akàn ní, "Òkè kò rí èémí mí mọ́. Bó bá bú, gbogbo ilé tí ọ̀pá mi wọ̀ ló máa bá a lọ."

Ọ̀pọ̀lọ́ wo ìyá àti ọmọ. Ẹsẹ̀ Akàn kò yá, Ọ̀pọ̀lọ́ ló lè fò. Ó fò títí ó fi dé ìdí òkè, ó fi ọwọ́ àti ẹnu já okùn tí òun fúnra rẹ̀ gán, ó fa igi náà yọ.

Ooru bú jáde. Ó funfun, ó ga dé àwọsánmà, ó bo oòrùn lójú. Ìró rẹ̀ mú kí ẹkùn àti erin kúnlẹ̀ pọ̀ lójú kan náà. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n bá Ọ̀pọ̀lọ́ nílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ti lé róro. Wọ́n gbé e wá sílé.

Akàn ki ọwọ́ bọ ẹnu ọ̀pá tó wọ ilé Ọ̀pọ̀lọ́, ó fa ewé gbígbẹ díẹ̀ jáde. Òun nìkan ló dínà omi láàárọ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ rí òun. Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn. Ó da omi tútù sí i lára, ó gbé ọmọ lé e láyà, ó wá kọjú sí òkè.

Ó ní, "Òkè, ìwọ lo mọ ohun tó mú un padà wá bá ọ. Bí ọmọ mi bá dàgbà, jẹ́ kó jọ baba rẹ̀."

Òkè mí kanlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kókó ti wà lára ọ̀pọ̀lọ́ káàkiri. Ọmọ rẹ̀ a máa dán nígbà tó bá kéré nínú omi. Bó bá jáde sórí ilẹ̀ tó sì dàgbà, awọ baba rẹ̀ ló ń wọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó kọ̀ ọ́ rí.