Ẹsẹ̀ Tó Wà Lórí Kílọ́ọ̀ṣì

Ní ìlú Ìdóògbò, níbi tí igbó gẹdú ti pọ̀, kò sí awakọ̀ agbégi tó lórúkọ bíi Fágbàmígbé. Lọ́rì rẹ̀ ti gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló fi kọ́lé, òun ló fi rán àwọn ọmọ níléèwé, kò sì sí ẹni tó lè bú ọkọ̀ náà lójú rẹ̀ kó lọ láìgbọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ kàwé tán, wọ́n di olùkọ́ àti akọ̀wé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ kí epo ẹ́ńjìnnì kan aṣọ òun. Nígbà tí orúnkún òsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá wọn débi pé kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí a fi ń já jíà mọ́, Ọláìtán, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú, ni ó pè. Ó kó ẹbí jọ, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó súre fún un, wọ́n sì jẹ obì sí i. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, Ọláìtán ló ni ọkọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Ọláìtán ti fẹ́ gbéra, ó bá bàbá náà níjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀, ó ti dé fìlà.

Ẹni tó bá mọ lọ́rì àtijọ́ yóò mọ̀ pé a kì í já jíà rẹ̀ bí ẹni ń já ewé. Èèyàn á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á yọ jíà kúrò níbi tó wà, á gbé ẹsẹ̀ kúrò, á tún tẹ̀ ẹ́ kó tó tì í sí ibòmíràn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, irin á ha irin, gbogbo ọjà á sì gbọ́ pé ẹni tí kò mọṣẹ́ ló jókòó síbẹ̀. Bí òkè bá wà níwájú, ìsàlẹ̀ ni à ti ń mú jíà tí a óò fi gùn ún, nítorí ẹni tó dé àárín òkè kó tó ronú, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ rẹ̀ máa gbà lọ. Gbogbo èyí ni Ọláìtán mọ̀. Fágbàmígbé ló kọ́ ọ, bàbá náà sì mọ̀ pé ọmọ mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Já a. Má tíì já a. Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń wí ni? Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ìkà ló ń ṣe é, ẹ̀rù ló ń bà á. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n ti ń kí i pé "Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú ewu ọ̀nà." Bí ọkọ̀ bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tán, kí ni wọ́n máa máa kí i? Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ ọ́ fún Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀.

Kò pẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Sàfíù mẹkáníìkì á pààrọ̀ díìsì inú rẹ̀, kò ní pẹ́ tó tún máa jẹ tán. Fágbàmígbé a máa sọ káàkiri pé ẹsẹ̀ ọmọ náà ló wúwo. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni Ọláìtán ti gbọ́ ọ, ó sì dùn ún. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ni sọ́míìlì ńlá, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ránṣẹ́ sí i pé kó wá máa wa tírélà òun. Mopélọ́lá ló kọ́kọ́ gbọ́, ó sì kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé bí Ọláìtán bá lọ, abẹ́ igi ni lọ́rì máa jẹrà sí, torí kò sí orúnkún mìíràn nílé tó lè wà á. Ọkọ rẹ̀ ní kò ní lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, oorun rẹ̀ kò dùn mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n di pákó kún ọkọ̀ bámúbámú, tí wọ́n kọjú sí òkè tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Mí-Kanlẹ̀. Ọláìtán mú jíà kejì ní ìsàlẹ̀, ọkọ̀ sì ń gùn ún jẹ́jẹ́. Wọ́n dé àárín nígbà tí Fágbàmígbé rò pé òun gbọ́ ìkérora nínú ẹ́ńjìnnì.

"Já a sí kìíní," ni ó wí.

Ẹsẹ̀ Ọláìtán bọ́ sórí kílọ́ọ̀ṣì. Kó tó tẹ̀ ẹ́ dénú, bàbá ti yí ohùn padà.

"Rárá, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹsẹ̀ náà kò lọ, kò bọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, táyà kò yí. Òórùn bí ìgbà tí ìwo ẹran ń jó gba inú ọkọ̀, èéfín sì ń rú lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Lọ́rì dúró díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ọlọ́kadà kan tó gbé ìyàwó àti ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọláìtán tẹ bíréèkì, àmọ́ ẹrù ti wúwo jù, ó ń fà wọ́n lọ. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ kíá, ó fi ìdí lọ́rì lu ògiri amọ̀ etí òkè, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Ọlọ́kadà ti kó ara ilé rẹ̀ wọgbó, ọmọ náà ń ké, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fara pa.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ Sàfíù. Nígbà tó fa díìsì yọ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń rún sí i lọ́wọ́. Ẹ̀rù tó ti ba Fágbàmígbé lórí òkè wá di ìbínú. Ó gba díìsì náà, ó gbé e sókè lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni ó wí. "Ẹni tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì dénú kò ṣe é ní nǹkan. Ẹni tó gbẹ́sẹ̀ kúrò kò ṣe é ní nǹkan. Ẹni tó gbẹ́sẹ̀ lé e, tí kò tẹ̀ ẹ́, tí kò sì fi í sílẹ̀, òun ló sọ ọ́ dà báyìí."

Ọláìtán dọ̀bálẹ̀ sórí epo tó dà sílẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi ló jó o. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi ẹsẹ̀ náà ohun tó ń wá níbẹ̀. Lọ́jọ́ tára yín ò yá, tí mo dá wà á dé Òǹdó, mi ò gbé e síbẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa ní kí n já a, mi ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa ní kí n má já a. Ohùn yín ni ẹsẹ̀ mi máa ń dúró dè."

Kò tíì dìde, ó sì tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi lójú ẹbí, ẹ ò sì sọ̀kalẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣì fẹ́ máa wà á, ẹ gbà á padà, Bàbá, mi ò ní bínú. Tó bá jẹ́ èmi lẹ fún, ẹ jẹ́ n wà á."

Sàfíù tẹjú mọ́ àkísà ọwọ́ rẹ̀. Fágbàmígbé wo díìsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ sì tún dún sí i létí. Òun ni kò fún ọmọ ní ọkọ̀, òun náà ni kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í gan-an. Ó ní kí Ọláìtán dìde, pé epo ti ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n tún lọ́rì ṣe tán, tí wọ́n tún dirù sí i, Fágbàmígbé tún jókòó síwájú. Nígbà tí Ọláìtán rí i, ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé ìrìn àjò yìí ni ìkẹyìn, bí òun bá ti dé, òun á lọ bá oní-sọ́míìlì. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ Mí-Kanlẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ní kó dúró. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wá ilẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ọláìtán di ọ̀pá jíà mú, ó ń wò ó, ó ń retí ohun tí yóò sọ. Jíà kejì ni kó o fi gùn ún: ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Fágbàmígbé. Ó gbé e mì.

"Lọ ire, bọ̀ ire," ni ó wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó dúró sínú eruku, ó ń tẹ́tí. Ní àárín òkè, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀ bí ohun tó fẹ́ kú. Ẹsẹ̀ òsì bàbá náà tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó mọ̀, orúnkún sì dùn ún wọra. Ọláìtán já a sí kìíní níbi tí Fágbàmígbé fúnra rẹ̀ kì bá ti já a láéláé. Jíà wọlé láìdún. Lọ́rì gun òkè náà dé orí, ó sì sọ̀ sí òdì kejì. Inú Fágbàmígbé dùn, ọ̀rọ̀ náà sì tún dùn ún, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó yí padà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ọláìtán kò wa tírélà ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bi Fágbàmígbé ní gáréèjì pé kí ló dé tó ń jókòó sílé, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, kò sì ní fi pamọ́ pé òun gan-an ni ẹsẹ̀ tó jó kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn awakọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti gáréèjì wọ inú ilé, wọ́n ń sọ ọ́ fún ìyá tó fọmọ fọ́kọ tí kò jẹ́ kó sinmi, àti fún ọ̀gá tó gbéṣẹ́ fúnni tó tún dì í mú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé títẹ̀ kì í ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́, fífi í sílẹ̀ kì í bà á jẹ́. Ẹsẹ̀ tí a kàn gbé lé e ni í jó o.