Aṣọ Ọrùn Kan Tí Kò Dé Ààtàn

"Ti ẹni ni ti ẹni, ti àkísà ni ti ààtàn." Gbogbo wa là ń pa òwe yìí, àgàgà bí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá bá délẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ bí àkísà àti ààtàn ṣe bá wọn dé inú rẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, ibi ìjàkadì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú Ìlọ́wà láyé àtijọ́, ọdọọdún ni àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń fa oníjàkadì kan kalẹ̀. Àwọn tó wá gbè é lẹ́yìn a so aṣọ àdúgbò wọn mọ́rùn. Bí ẹ̀yìn ọmọ wọn bá kan ilẹ̀, ẹni tí ojú ń tì lè tú tirẹ̀, kó jù ú sí ààtàn ẹ̀gbẹ́ pápá, kó sì bá àwọn tó borí jó lọ. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí aṣọ kò bá kù lọ́rùn ẹnikẹ́ni kò ní fa oníjàkadì kalẹ̀ mọ́ láéláé.

Àwẹ̀ró ahunṣọ ló ń hun aṣọ ọrùn fún àdúgbò Òkè-Ọ̀pẹ. Ajíbóyè ni oníjàkadì wọn, ọmọ dáadáa, àmọ́ ilẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀yìn rẹ̀ jù. Ó ṣubú ní ìdúnta, ó ṣubú ní èṣí. Lọ́dún yìí ńkọ́? Oníjàkadì àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹrù igi.

Ni wọ́n bá ń tú aṣọ. Àwẹ̀ró ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ sórí èèpo iṣu, inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ajíbóyè ṣì jókòó nínú iyẹ̀pẹ̀, kò lè gbójú sókè.

Bàbá Kújọrẹ́, àgbà Òkè-Ọ̀pẹ, ti ń bá àwọn tó borí kọrin. Ó ní, "Àwẹ̀ró, kí lo ń fi àkísà sọ́rùn ṣe? Jù ú sí ààtàn, jẹ́ ká lọ jẹyán."

"Iyán yín á dùn o, Bàbá," ni Àwẹ̀ró fèsì. "Àkísà, ààtàn ló ni ín, mo gbà. Ṣùgbọ́n Ajíbóyè kì í ṣe àkísà. Bó ṣubú, tiwa ni. Ti ẹni ni ti ẹni, ti àkísà ni ti ààtàn!"

Baálẹ̀ dìde, ó bèèrè bóyá aṣọ ṣì kù lọ́rùn ẹnì kan ní Òkè-Ọ̀pẹ.

"Ó kù!" Àwẹ̀ró gbáyà sókè, ó gba àárín pápá kọjá, ó fa Ajíbóyè dìde, ó sì ń ki í títí wọ́n fi délé.

Lọ́dún kejì, Ajíbóyè tún bọ́ sójú agbo. Ẹ rò pé ó borí? Wọ́n tún dá a! Ṣùgbọ́n ààtàn kò rí aṣọ Òkè-Ọ̀pẹ kan gbà lọ́jọ́ náà. Bàbá Kújọrẹ́ pàápàá ta tirẹ̀ ní kókó méjì. Èjìká ni wọ́n fi gbé ọmọ wọn relé, tí àwọn tó borí fi ń bèèrè pé ta ló ṣubú gan-an.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ torí pé nǹkan kò ṣẹnuure fún un, àwọn àgbà a rán an létí pé ti ẹni ni ti ẹni, ti àkísà ni ti ààtàn.